Ayẹyẹ ni kí ẹ kọ sórí ìwé ìpè

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìpè, ẹ fi "ayẹyẹ" ṣáájú orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an: ayẹyẹ ìgbéyàwó, ayẹyẹ ìwúyè, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ètò tó ní ìlànà ló ń tọ́ka sí. "Àríyá" kò ju jíjẹ, mímu àti ijó lọ. Ìlà tó sọ ibi ìgbàlejò ló yẹ ẹ́. "Ìnáwó" ti onílé àti "òde" ti àlejò, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n. Ẹ má fi àmì ohùn kankan sórí ayẹyẹ, ohùn àárín ni látòkèdélẹ̀ (yẹ̀yẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀-òkè yẹn, ẹ̀sín ni!). Ṣùgbọ́n ní ti òkú, ti arúgbó nìkan ló gba ayẹyẹ. Bó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀, "ètò ìsìnkú" ni kí ẹ kọ.