Bí a ṣe ń yanjú ìṣirò kẹ́mísírì láìjẹ́ kí yúníìtì da iṣẹ́ rú

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba máàkì kékeré nínú ìṣirò kẹ́mísírì ló mọ fọ́múlà dáadáa. Ẹ jí wọn lóru, wọn á ka PV = nRT fún yín láìṣì í, ìyẹn fọ́múlà gáàsì: P ni ìfúnpá, V ni fólúùmù, n ni iye móólù, R ni nọ́ńbà tí kì í yí padà, T ni ìwọ̀n ìgbóná. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni àárín ìgbà tí wọ́n ka ìbéèrè tán sí ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Mo ti jókòó ti àwọn tó ń múra fún WAEC níbí n'Ìbàdàn, mo ti jókòó ti àwọn ọdún kìíní yunifásítì pẹ̀lú, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀. Ibẹ̀ ni n ó ti pẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè náà dópin, kí ẹ sì fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè gan-an. Gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n fún yín, ẹ tò ó sí apá òsì ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kí yúníìtì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi ṣe é. Bíírò dára fún ìdáhùn, ṣùgbọ́n àtòkọ yìí máa ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì náwó púpọ̀ lórí ìwé ìdánrawò. Àwọn onífótókópì Agbowó, níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, máa ń ní bébà tí ẹ̀rọ ti bà jẹ́ lójú kan. Ojú kejì ṣì mọ́, ó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan: wọ́n da 5 g CaCO₃ sínú 25 cm³ ásíìdì HCl tí kíki rẹ̀ jẹ́ 2 mol/dm³. Kí ni fólúùmù CO₂ tó máa jáde ní 27 °C àti ìfúnpá 1 atm?

Ẹ kọ ìdọ́gba rẹ̀, kí ẹ rí i pé átọ́ọ̀mù ọwọ́ òsì bá ti ọwọ́ ọ̀tún mu:

CaCO₃ + 2HCl → CaCl₂ + H₂O + CO₂

Ìyẹn kò le. Ohun tó le ló kàn báyìí.

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di móólù. Mo ní gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi giráàmù wé giráàmù, ẹ má sì fi cm³ wé giráàmù. Bí ẹ bá ra dọ́sìnnì ẹyin kan àti dọ́sìnnì ìbẹ́pẹ kan l'ọ́jà Bódìjà, méjìlá-méjìlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kí ẹ wò ó. Iye ni móólù ń kà, kì í ṣe ìwúwo, àní 6.02 × 10²³ nínú móólù kọ̀ọ̀kan. Iye yìí náà ni ìdọ́gba ń sọ. Nọ́ńbà 2 tó wà níwájú HCl kò sọ pé giráàmù méjì, kò sì sọ pé cm³ méjì. Ẹni tó bá fi 5 g pín sí méjì ti sọ ìbéèrè nù.

Ohun líle, ẹ fi ìwúwo móólù rẹ̀ kan pín giráàmù rẹ̀. Ìwúwo CaCO₃ jẹ́ 40 + 12 + 48, ìyẹn 100, nítorí náà 5 ÷ 100 = 0.05 mol. Ohun olómi, ẹ fi kíki rẹ̀ sọ fólúùmù di púpọ̀. Dm³ ni fólúùmù náà gbọ́dọ̀ jẹ́, torí dm³ ló wà lábẹ́ nínú mol/dm³. 1,000 cm³ ló wà nínú dm³ kan, nítorí náà 25 cm³ jẹ́ 0.025 dm³, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní 2, ó di 0.05 mol.

Ẹ dúró níbí díẹ̀. Àwọn tí kò kọ yúníìtì máa ń tẹ 25 × 2 sínú ẹ̀rọ, á sì fún wọn ní 50. Wọ́n á kọ 50 mol sílẹ̀, wọ́n á máa lọ. Móólù HCl kan wúwo tó 36.5 g, nítorí náà 50 mol jẹ́ 1,825 g, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Pípẹ́ẹ̀tì tó gba 25 cm³, tí ẹ fi ìka mú, ṣé ó lè gba kílò méjì ásíìdì? Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí yúníìtì yóò fi pé lórí ìwé. Ẹ̀rọ kò mọ cm³, kò mọ dm³, ohun tí ẹ bá tẹ̀ ló máa ṣe.

Èyí tó máa kọ́kọ́ tán ló kàn. Méjèèjì jẹ́ 0.05 mol, ọ̀pọ̀ á sì sọ pé wọ́n jọ máa tán ni. Rárá o. CaCO₃ kan ń jẹ HCl méjì, nítorí náà 0.05 mol CaCO₃ nílò 0.1 mol HCl, 0.05 péré la sì ní. Ásíìdì ló máa tán, ìdajì CaCO₃ á ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ife. Èyí tó bá tán ló ń pàṣẹ iye tó máa jáde: HCl méjì ló ń mú CO₂ kan jáde, nítorí náà CO₂ jẹ́ 0.025 mol. Ẹni tó bá fi CaCO₃ ṣírò torí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ á gba ìlọ́po méjì ìdáhùn.

Ó wá ku gáàsì. Ẹ má sáré mú 22.4 dm³ tí wọ́n ní ó jẹ́ fólúùmù móólù gáàsì kan. Ní s.t.p. (ìwọ̀n ìgbóná àti ìfúnpá tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n) ni ìyẹn wà, 0 °C, Ìbàdàn kì í sì tutù tó bẹ́ẹ̀. 27 °C wọn yìí jọ ọ̀sán tiwa, ẹ fi 273 kún un, ó di 300 K (kẹ́lífììnì), torí K ni T gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú PV = nRT. Bí ìfúnpá bá jẹ́ atm tí fólúùmù sì jẹ́ dm³, R jẹ́ 0.0821. Bó bá jẹ́ Pa àti m³, 8.314 ni. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

V = 0.025 × 0.0821 × 300 ÷ 1 = 0.616 dm³

Ẹni tó fi 27 síbẹ̀ dípò 300 á gba 0.055 dm³, kò sì ní fura, torí nọ́ńbà kékeré náà jọ òótọ́ lójú.

Àwọn tó ti wọ yunifásítì, tiyín wà nínú ΔG = ΔH − TΔS. ΔH ni ìyípadà ooru, ΔS ni ìyípadà ẹ́ńtírọ́pì (bí nǹkan ṣe fọ́nká tó), T ni ìwọ̀n ìgbóná ní K. Bí ΔG bá ní àmì òdì, ìyípadà náà lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Yúníìtì kJ ni wọ́n máa ń fi kọ ΔH, J sì ni ti ΔS. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe amóníà: N₂ + 3H₂ → 2NH₃, ΔH jẹ́ −92 kJ, ΔS jẹ́ −198 J/K. Ní 298 K, TΔS jẹ́ −59,004 J, ìyẹn −59 kJ. ΔG wá jẹ́ −92 + 59, ó di −33 kJ. Bí ẹ kò bá fi 1,000 pín in, ẹ ó rí 58,912 tí kò ní àmì òdì níwájú, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítirọ́jìn àti háídírójìn kò lè di amóníà fúnra wọn ní ìwọ̀n ìgbóná yẹn. Àṣìṣe yúníìtì kan ṣoṣo ló yí ìdáhùn kúrò ní bẹ́ẹ̀ ni sí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nípa iye díjíìtì, mẹ́ta ni mo máa ń fi sílẹ̀ níparí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ìbéèrè bá sọ òmíràn. Ẹ má gé e láàárín iṣẹ́.

Fún JAMB, ẹ kò ní gbé ẹ̀rọ ìṣirò tiyín wọlé, nítorí náà ẹ há log 2 = 0.30, log 3 = 0.48 àti log 7 = 0.85 sórí. Log 5 jẹ́ 1 − 0.30, log 6 jẹ́ 0.30 + 0.48, ẹ lè kó ìyókù jọ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò pH ni ẹ máa fi wọ́n ṣe: pH ni log kíki H⁺ tí a yí àmì rẹ̀ padà. HCl tí kíki rẹ̀ jẹ́ 2 × 10⁻³ mol/dm³, pH rẹ̀ jẹ́ 3 − 0.30, ìyẹn 2.70, ẹ kò sì tẹ bọ́tìnnì kankan.