Bí a ṣe ń fi ọ̀dà sọ aṣọ àga ìjẹun di ọ̀tun

Àga tí fóòmù rẹ̀ ti rì tàbí tí aṣọ rẹ̀ ti ya kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀dà. Èyí tí aṣọ rẹ̀ kàn ṣá ni ọ̀dà lè gbà là.

Ẹ kán omi díẹ̀ sórí aṣọ náà. Bó bá fà á mu, ọ̀dà yóò dì mọ́ ọn. Bí omi bá dúró róbótó lórí rẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ aṣọ wà níbẹ̀, ọ̀dà yóò sì máa bó. Aṣọ àrán máa ń gbà á, àmọ́ irun rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Ibi tí epo pupa ti tà sí, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kó gbẹ pátá.

Ẹ tú ìjókòó kúrò lára igi. Sukúrúù 4 ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ parí igi: sáńdípépà nọ́ńbà 120, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 220, ọ̀dà ìpìlẹ̀, gílọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má fi gílọ́ọ̀sì kan aṣọ o, á le gbagidi. Ẹ́máṣọ̀n ni ti aṣọ. Lítà 1 tó ìjókòó 6. Ẹ po ife ọ̀dà 2 mọ́ ife omi 1 àti ife 1 fabric medium, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀dà rọ̀ lára aṣọ (àwọn tó ń ta ohun èlò iṣẹ́ ọnà ní in). Kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.

Ẹ fín omi sí aṣọ kó tutù, kó má rin gbingbin. Omi yìí ló ń fa ọ̀dà wọ inú òwú. Lórí aṣọ gbígbẹ, òkè ni ọ̀dà máa dúró sí, á sì sán bí ènìyàn bá ti jókòó. Bí omi bá sì pọ̀ jù, fóòmù á mu ún, á máa rùn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun kúkúrú kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lóròó àti níbùú. Kíkùn àkọ́kọ́ á rí bátabàta. Ẹ má torí ìyẹn bù sí i. Lẹ́yìn wákàtí 24 (ó lè jù bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò), ẹ rọra fi sáńdípépà nọ́ńbà 320 ha ibi tó le, ẹ nù ún, ẹ tún omi fín, kí ẹ sì kùn ún lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ọ̀dà tí ẹ fi ìdajì omi ti tẹ́lẹ̀ pò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Tó bá gbẹ, ẹ fi wáàsì tí kò láwọ̀ ra á, ẹ sì fi aṣọ mìíràn nù ún títí á fi dán. Ẹ fún un ní ọjọ́ 3 kẹ́nikẹ́ni tó jókòó lé e.

Ní ti àwọ̀, èyí tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ ló dára. Funfun lórí pupa á gba kíkùn márùn-ún tàbí mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ ló sì ń mú aṣọ le sí i.