Bí mo ṣe ń fi asẹ́ sábẹ́ fìtílà UV

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tan fìtílà UV-B (UV ni ìtànṣán tójú èèyàn kì í rí, UV-B sì jẹ́ ọ̀kan lára irú rẹ̀) lé kùkúmbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì lórí, ọjọ́ kẹta kò tíì pé tí ewé náà fi ká jọ, tó pọ́n bí irin tó dípẹtà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé UV-B ló pa wọ́n. Mo ṣìnà. Lóòótọ́, UV-B ló pọ̀ jù nínú ohun tí ọ̀pá iná yẹn ń tú jáde, àmọ́ UV-C díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Oòrùn pàápàá ní UV-C, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ozone kì í jẹ́ kó délẹ̀. Ohun tí ewéko kì í bá pàdé níta láyé ni mo dà lé wọn lórí.

Nítorí náà, kó o tó tan iná, mọ ìtànṣán tó o fẹ́. Gígùn ìgbì wọn la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: UV-A wà láàárín nánómítà 315 sí 400, UV-B láàárín 280 sí 315, UV-C sì wà nísàlẹ̀ 280. Fìtílà mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, 254 ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan asẹ́, ìyẹn ọ̀rá tó ń dínà ìtànṣán tó ò fẹ́. Ọ̀rá cellulose acetate máa ń dínà ohun tó bá kúrú ju nǹkan bí 290 lọ, ó sì ń jẹ́ kí UV-B kọjá. Ọ̀rá Mylar ní tiẹ̀ ń dá UV-B dúró, ó ń jẹ́ kí UV-A kọjá. Mo máa ń lo méjèèjì pọ̀: mo ta acetate bo ìlàjì ewéko, mo ta Mylar bo ìlàjì yòókù, lábẹ́ iná kan náà. Ooru kan náà ló ń mú wọn, wákàtí kan náà ni wọ́n ń lò. Bí ìyàtọ̀ bá wá jáde, mo mọ ibi tó ti wá.

Acetate kì í pẹ́. UV fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Tó bá ti gbó, tó o bá ṣẹ́ etí rẹ̀ po, á dún pàrá, á sì là. Ṣùgbọ́n má dúró dìgbà yẹn, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ti dín kù tipẹ́ kó tó là. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí mo ta á sí igun rẹ̀ pẹ̀lú gègé dúdú, mi ò sì ń jẹ́ kó lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọ̀rá tuntun náà, mo ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sábẹ́ iná fún wákàtí mẹ́jọ, torí ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń yí padà jù.

Ìwọ̀n wá ńkọ́? Tan iná fún ìṣẹ́jú 15 kó tó balẹ̀. Gbé ojú ẹ̀rọ ìwọn ìtànṣán sí ibi tí ewé wà gan-an, lábẹ́ asẹ́, kó sì jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú ìtànṣán yẹn. Wọ̀n ọ́n láàárín, wọ̀n ọ́n létí, torí orí ọ̀pá iná méjèèjì kì í mọ́lẹ̀ tó àárín. Tó bá fún ọ ní mílíwáàtì 0.1 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, ìṣẹ́jú 10 á fún ọ ní mílíjúùlù 60.

Tó bá jẹ́ bakitéríà lo fẹ́ tan fìtílà 254 yẹn lé lórí, ṣí ìdérí àwo petri, àwo pẹlẹbẹ tí bakitéríà wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọ̀sẹ̀ bú fìtílà pé kò ṣiṣẹ́, ìdérí oníke ló ń gba gbogbo rẹ̀. Gíláàsì lásán náà ò ní jẹ́ kó kọjá. Quartz, ohun kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ló ń jẹ́ kó kọjá. Tó o bá ti pa iná, fi fóìlì wé àwo náà kíá, torí ọ̀pọ̀ bakitéríà ní èròjà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ búlúù tún DNA wọn ṣe, iye tó kú á sì dín kù lójú rẹ.

Ojú rẹ ńkọ́? Jọ̀ọ́, má wo iná yẹn láìbo ojú, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò ní dùn ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó di lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tó o bá ti délé, kó tó máa ta ọ́ bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Ìbojú polycarbonate (ike líle kan) tó bo gbogbo ojú dé àgbọ̀n ni kó o wọ̀, kí ìbọ̀wọ́ sì bo ọrùn ọwọ́, níbi tí apá aṣọ ti máa ń fà sókè.