Ẹnu Mi Ló Kọ́kọ́ Rẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Tètè Mọ̀ Pé Iṣẹ́ Ti Ń Tán Yín Lókun

Kí ẹ tó máa wo ẹsẹ̀ bóyá ó wú, tàbí orí bóyá ó ń fọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí bí ẹ ṣe ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá kí yín kú iṣẹ́.

Kaṣíà ni mí ní báńkì kan ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn. Ìyá aláṣọ kan wà tó máa ń wá fowó pamọ́ lọ́dọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Àwọn ìbejì ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Wọ́n wà, mà. Ọjà ńkọ́, mà?" Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023 tí owó náírà wọ́n bí ojú, láti ìdájí ni èrò ti ń tò síwájú géètì. Èpè ni wọ́n fi ń kí wa, bí ẹni pé àwa la pààrọ̀ owó. Nígbà tó yá, owó padà wá, èrò dínkù, ṣùgbọ́n èmi ò padà. Ìyá aláṣọ kí mi, mo ní "hùn." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Ojú ò tilẹ̀ tì mí. Àìtìjú yẹn gan-an ni àmì.

Ní 2019, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣàlàyé irú àárẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní "burnout" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní wahala ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí a ò bójú tó ló ń fà á. Ojú mẹ́ta ló ní: okun á tán, iṣẹ́ á súni títí a ó fi máa fojú burúkú wò ó, ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe ò sì ní yọ lọ́wọ́ wa mọ́. Ojú kejì ló kọ́kọ́ dé bá èmi. Ìkẹta tẹ̀ lé e: owó dín lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èmi tí mo ti lo ọdún kan gbáko tí kọ́bọ̀ ò dín. Àpò mi ni mo ti san án.

Ẹ ra ìwé kékeré. Lálaalẹ́, ẹ kọ aago tí ẹ jí, ẹni tí ẹ kanra mọ́, àti àṣìṣe tí ẹ ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kà á látòkèdélẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ibà ni kí ẹ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lo oògùn ibà lásán; nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò síbà rárá. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń fara jọ àárẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àǹtí mi ní ayé ló ń ṣe mí. N ò bá wọn jiyàn: mo mọ aago tí ayé ọ̀hún ń ṣílẹ̀kùn, aago mẹ́jọ àárọ̀.

Àárẹ̀ lásán, oorun á wò ó. Tí ẹ bá sùn láti Sátidé di Sọ́ńdè, tí inú yín tún ń run ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè nítorí Mọ́ńdè, ti yín ti kúrò ní ti oorun. Ìgbà yẹn ni kí ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi kúrò ní kaúntà fún ìgbà díẹ̀, mo sì béèrè ìsinmi mi. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún mi, inú bí mi, ṣùgbọ́n mo lọ. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn rárá, tàbí tó ń ronú ikú, kó má dúró de ìsinmi kankan. UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ, kì í ṣe aṣiwèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

Ìwé mi ṣì wà nínú báàgì. Ohun tí mo kọ lánàá nìyí: "Mo jí ní aago márùn-ún. Kò sí àṣìṣe. N ò kanra mọ́ ẹnikẹ́ni, àfi awakọ̀ Micra tí kò fún mi ní ṣéńjì."