Nígbà Tí Ìrẹsì Bá Ga Tí Kò Sì Gbó

Ẹ wo oko ìrẹsì yín dáadáa kí ẹ tó kórè. Ẹ lè rí ìdí kan ṣoṣo tó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ṣírí àwọn yòókù ti tẹ̀ba, tirẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ fi ìka méjì tẹ hóró rẹ̀: òfìfo. Ẹlòmíì á ní ajílẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹlòmíì á gba ilé ẹni tó ta irúgbìn lọ tìjà-tìjà. Ẹ ní sùúrù ná.

Ẹ kọ́kọ́ fa ṣírí náà. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó ti funfun, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, kòkòrò tí ń gbẹ́ inú pòròpórò ni. Bó bá jẹ́ gbogbo apá ibẹ̀ ló ṣófo, ó ṣeé ṣe kí òjò ti dá lásìkò tó ń tanná. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdí kan péré láàárín àwọn tó gbó, tí kò sì ṣeé fà yọ, ẹ fura sí àdàlù: ọmọ tí ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Éṣíà jọ bí.

Àwọn méjèèjì jọra, àmọ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Koríko kan náà ni baba ńlá wọn. Ó ti lé ní 500,000 ọdún tí ìran rẹ̀ ti pínyà, apá kan ní Éṣíà, apá kan lọ́dọ̀ wa, tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ìhín, ìyẹn akọ tó ń mú kó so, kò dé ọ̀hún mọ́. Àyípadà kéékèèké wá ń wọ olúkúlùkù láti ìran dé ìran. Ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá Odò Ọya, ní Mali òde òní, sọ tiwa di ohun ọ̀gbìn. Ti Éṣíà bá ọkọ̀ Potogí dé etíkun wa ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fi máa pàdé, wọn ò gbédè ara wọn mọ́.

Òdòdó ìrẹsì sábà máa ń gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àdàlù kì í fi í wọ́pọ̀. Bó bá sì ṣẹlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ọmọ náà á kú sínú òdòdó. Ẹ rántí ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́: alágbára ni, kò bímọ. Krómósómù, ìyẹn àwọn okùn tín-tìn-tín tó ń gbé àbùdá inú ara, jẹ́ 64 lára ẹṣin, 62 lára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ní ti ìrẹsì, 24 ni méjèèjì ní. Ohun tó wà nínú wọn ni kò bára mu.

Láti dá wọn mọ̀, ẹ fa ewé sẹ́yìn níbi tó ti ya kúrò lára pòròpórò. Ẹ ó rí ahọ́n fẹ́lẹ́ kan. Ti Éṣíà gùn, ó ṣe ṣónṣó, ó sábà máa ń là sí méjì. Tiwa kúrú, orí rẹ̀ rí roboto. Ẹ tu èyí tí ẹ kò gbìn kó tó gbó, torí hóró ìrẹsì wa máa ń gbọ̀n sílẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì hù padà lọ́dún tó ń bọ̀.

Abo inú òdòdó àdàlù kì í kú tán. Ohun tí Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò nìyẹn ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, láwọn ọdún 1990: wọ́n ń fi lẹ́búlẹ́bú ìrẹsì Éṣíà bù fún un léraléra títí ọmọ rẹ̀ fi ń gbó. Ibẹ̀ ni àwọn irúgbìn ìrẹsì tuntun tí wọ́n ń pè ní NERICA ti wá. NERICA 1 ni wọ́n ń pè ní FARO 55 ní Nàìjíríà. Ẹ lè tọ́jú irúgbìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n hóró mélòó kan tí ẹ bá rí lórí àdàlù inú oko yín, ẹ dà á fún adìyẹ.