Aṣọ Tó Jáde ní Àwọ̀ Ewé: Bí Mo Ṣe Ń Kọ Sáyẹ́ǹsì Sínú Ìtàn Àròsọ

Ìkòkò aró yèyé àgbà mi ní Oǹdó ló sọ mí di òǹkọ̀wé. Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú aró, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti etí wọnú, títí gbogbo rẹ̀ á fi di aró.

Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì lọ́sàn-án, mo sì ń kọ ìtàn lálẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ìwé nípa ẹni tí iṣẹ́ ọnà ti gbà lọ́kàn, bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun kan ṣoṣo tí onítọ̀hún kò lè fi sílẹ̀. Aláró inú ìtàn mi ń wá irú dúdú kan tó rí lára aṣọ tí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀. Ẹ má sọ fún òǹkàwé pé ọkàn rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tó pa tì: ọbẹ̀ tó jóná, owó ilé-ìwé ọmọ tó fi ra ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, èékánná dúdú tó gbé lọ sóde ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ sáyẹ́ǹsì iṣẹ́ náà dójú àmì. Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Aró kì í yòrò nínú omi lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláró fi ń da omi eérú sí ẹ̀lú, tí wọ́n ń dé e mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. Àwọn bakitéríà inú ìkòkò á lo ọ́síjìn inú omi tán, wọ́n á yí aró padà di oríṣi tó ń yòrò, èyí tó lè wọnú òwú. Bí aṣọ bá jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á dá aró padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti há sínú òwú. Ọjọ́ tí mo kọ́ èyí ní yunifásítì, omi bọ́ lójú mi. Mo ti mọ ohun tí yèyé àgbà ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má dà á lé òǹkàwé lórí. Olóòtú kan dá ìwé mi àkọ́kọ́ padà, ó kọ ọ́ sétí orí kẹrin pé, "Nóòtì kíláàsì nìyí." Ó dùn mí wọra, òótọ́ sì ni. Mo yọ odindi ojú ìwé mọ́kànlá kúrò. Ohun tí mo fi rọ́pò wọn ni obìnrin náà tó fi omi eérú kan ahọ́n, tó tu ú dànù, tó ní, "Kò tíì mú."

Tẹ́ ẹ bá ń wá ìjà, ó wà nínú ìtàn gidi. Ní 1856, William Perkin, ọmọ ọdún 18, ń wá oògùn ibà nílé wọn ní London, àwọ̀ elésè àlùkò ló bá pàdé. Àwọ̀ yẹn ló sì tẹ̀ lé. Ní 1897, àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá, èyí tí kò nílò ẹ̀lú. Nínú ìwé mi, ọmọ aláró gbé aró òyìnbó wálé láti Ọjà Ọba. Ìyá rẹ̀ ò bá a jà. Ó rẹ aṣọ méjì, ọ̀kan nínú ìkòkò, ọ̀kan nínú ike, ó sá wọn sórí okùn kan náà, ó sì jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo tún ibẹ̀ kọ. Mi ò jẹ́ kó sọ èyí tó dára jù.

Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà, aláró ni o, alágbẹ̀dẹ ni o. Ẹ béèrè ohun tó máa ń bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́; ibẹ̀ lẹnu wọn ti ń là. Bó bá jẹ́ aláró, ẹ mú aṣọ funfun kékeré dání, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín rẹ ẹ́. Ẹ má bojú kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bá jáde.