Ẹ má tíì gba kánópì: bá a ṣe ń yẹ́ àwọn tó sáré tó gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé wa sí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọdún tí sẹ́ẹ̀tì wa dábàá pé ká yẹ́ àwọn eléré ìdárayá iléèwé wa sí, owó la kọ́kọ́ dá, a gba kánópì, a gba DJ, a se ìrẹsì, a ṣe pìlákì méjìlá. Wọ́n wá pe bọ̀ọ̀dá kan síta, kípà ni wọ́n nígbà tí àwa ṣì wà ní kíláàsì kìíní, ká ní ẹ rí bí wọ́n ṣe ń fò mú bọ́ọ̀lù láyé ìgbà yẹn. Wọ́n gba pìlákì, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, àmọ́ orúkọ àbúrò mi lẹ kọ síbí." Àbúrò wọn ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé ẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin ló wà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé orí itan ni wọ́n da ojú pìlákì yẹn dé sí títí tá a fi ṣe tán.

Pátì la fi ṣáájú, ìwé la fi kẹ́yìn, òun ló fà á. Ní báyìí tẹ́nikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ n'Íbàdàn níbí bá bi mí báwọn ṣe máa ṣe tiwọn, mo máa ń ní kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta ó kéré tán wá àkọsílẹ̀ ná, kánópì ò ní sá lọ.

Inú iléèwé gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ ọ̀gá àgbà kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wo logbook, ìyẹn ìwé tí iléèwé máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, kẹ́ ẹ tún béèrè ìwé ètò íntáháùsì àtijọ́, èyí tí wọ́n máa ń pín fáwọn àlejò lọ́jọ́ eré, torí ẹ̀yìn ìwé yẹn ni wọ́n sábà máa ń to rẹ́kọ́ọ̀dù iléèwé sí: eré wo, ta ló ni ín, háùsì wo, ọdún wo, ìṣẹ́jú àáyá mélòó. Ẹyọ kan péré tẹ́ ẹ bá rí, ẹ ti rí wúrà. Tí ikán bá ti jẹ tiyín, tàbí tó jẹ́ pé wọ́n ti pín iléèwé sí méjì mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ò sì mọ ẹni tó kó fáìlì lọ, ẹ fi ìkéde sórí WhatsApp sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yẹ àpótí wò, kí wọ́n yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn wò, kí wọ́n wo ògiri pálọ̀ ìyẹn àwọn àlìmánáàkì ọjọ́sí tó ní fọ́tò róbótó róbótó. Ẹ lọ bá àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì náà, pàápàá géèmù másítà. Èyí tá a lọ bá ní Mọ́níyà, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ gbogbo orúkọ tá a pè ni wọ́n mọ háùsì ẹ̀, wọ́n tún mọ ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ dídùn kẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìdánrawò.

Tí nǹkan náà bá kọjá iléèwé, bí ìdíje ìpínlẹ̀ tàbí Principals' Cup tàbí Grier Cup táwọn ọmọkùnrin máa ń torí ẹ̀ sáré lọ́jọ́ láéláé, ẹ lọ wo ìwé ìròyìn. Láti 1949 ni Tribune ti wà, Ìmàlẹ̀fálàfíà ní Òkè-Àdó nílé iṣẹ́ wọn. Daily Sketch náà jẹ́ ti Ìbàdàn kó tó kógbá sílé. National Archives tó wà nínú ọgbà UI àti láíbìrì Kenneth Dike dáa láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ gba lẹ́tà dání látọ̀dọ̀ iléèwé, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, torí ṣíṣí lójú ìwé kọ̀ọ̀kan ni, kò sí pé ẹ fẹ́ tẹ orúkọ kó jáde bíi ti Google.

Fọ́tò tàbí sáàtífíkéètì tí kò ní ọdún lára ńkọ́? Ọgbọ́n ti wà fún un. Tí wọ́n bá kọ Western Region sí i, ó ti ṣáájú 1967. Western State, láàárín 1967 sí 1976 ni. Oyo State, láti 1976 síbí, àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, torí ọdún 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, nítorí náà ẹni tó ṣe ipò kìíní ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1985, ọmọ Òṣogbo, ọmọ Iléṣà, ọmọ Ifẹ̀ wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ borí. Ẹ kọ ìyẹn sí abẹ́ orúkọ ẹ̀, káwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ bí nǹkan náà ṣe tóbi tó. Tẹ́ ẹ bá rí "Form Four" lẹ́yìn fọ́tò, ayé àtijọ́ nìyẹn, ọdún 1982 ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ tí JSS àti SS fi dé.

Mo ní kí n sọ ti aago náà, torí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n máa ní àwọn sá "ten flat", ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá géérégé, wọ́n ò sì purọ́ o, 100 yáàdì ni wọ́n sá, mítà 91.44 péré nìyẹn. Ẹ má tò ó pọ̀ mọ́ ti àwọn tó sá 100 mítà, kẹ́ ẹ má wá fi bàbá olóore sípò tí Usain Bolt tó sá 9.58 máa wá bá wọn ṣẹjọ́. Stopwatch ọwọ́ náà tún máa ń yá díẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ, ìṣẹ́jú àáyá 0.24 ni wọ́n máa ń fi kún ti ọwọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi 100 mítà méjì wéra. Èmi ò ní kẹ́ ẹ fi kún ti ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe bá a, kẹ́ ẹ kọ "yáàdì" síbi tó bá jẹ́ yáàdì, ó parí.

Yíyan èèyàn ló le jù. Àwa jókòó lé e lórí fún Sátidé mẹ́rin, ọjọ́ kan wà tí akọ̀wé wa dìde tó gbé báàgì ẹ̀ tó ní òun ò ṣe mọ́. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé kò sẹ́ni tá a máa mú tí kò ní àkọsílẹ̀ tàbí ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ọmọ sẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ tíìmù, tíìmù lódindi. Rìléè 4x100, èèyàn mẹ́rin ni, ẹni tó gbé igi wọlé nìkan kọ́ ló sá a, ẹni tó sá igun kejì tí ẹnikẹ́ni ò wò wà níbẹ̀. Ìgbà tí IICC Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, gba kọ́ọ̀pù Winners ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, tí wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé 4-2 tá a bá pa ilé àti oko pọ̀, ẹ bi ọmọ Ìbàdàn kí wọ́n dárúkọ wọn, Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Láwàl ló máa kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn ẹ̀ ẹnu máa wọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé ìwé náà. Torí náà ẹ pe àwọn risáàfù, ẹ pe kóòṣì, ẹ pe ìyá tó máa ń gbé ọsàn àti glúkóòsì wá fún wọn ní pápá tí wọ́n bá ṣì wà láyé.

Àwọn obìnrin ńkọ́. Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀, torí ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń ṣubú nìyí. Orúkọ ilé bàbá wọn ló wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n ti lọ ilé ọkọ, orúkọ ti yí padà, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n bímọ, orúkọ ọmọ lẹnikẹ́ni fi ń pè wọ́n mọ́. Odindi oṣù kan la fi wá ọmọbìnrin kan tó fò jù nínú long jump láyé ìgbà kan, a pe gbogbo nọ́ńbà, ẹnì kan ní ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kejì ní ó ti kú, àṣé Gbági ni wọ́n wà tí wọ́n ń ta léèsì, Ìyá Bùsọ́lá ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Nígbà tá a dé ìsọ̀ wọn tá a pe orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níléèwé, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀ láàárín yáàdì tí wọ́n ń gé lọ́wọ́, wọ́n ní "Ta ló ní kẹ́ ẹ wá mi?" Ọmọ tó ń bá wọn tajà ò mọ̀ pé ọ̀gá òun fò rí. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń wá obìnrin, orúkọ bàbá, orúkọ ọkọ, orúkọ ọmọ, ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, kẹ́ ẹ sì kọ ti bàbá àti ti ọkọ sára pìlákì, kó lè bá rẹ́kọ́ọ̀dù mu. Lady Manuwa Cup wà fáwọn ọmọbìnrin bí Grier Cup ṣe wà fáwọn ọkùnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan sọ fún yín pé kò sí obìnrin tó ṣe nǹkan nígbà náà.

Ti owó, kúkúrú ni mo máa sọ ọ́. Ẹni tó dá owó púpọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ìwé ètò, ẹ fún un níjòókòó iwájú. Ẹ má fún un ní pìlákì eléré ìdárayá tí kò bá sáré. Ó máa bínú, ó máa tán.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ àwọn tẹ́ ẹ mú, ẹ lọ sílé wọn, ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àgbàlagbà. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn wọn. Bàbá kan gbé agolo Bournvita tó ti ń dógùn-ún jáde fún wa, mẹ́dàlì mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò nu ojú ẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ya fọ́tò, kẹ́ ẹ ya ẹ̀yìn mẹ́dàlì náà torí ẹ̀yìn ni ọdún wà. Ẹ má gba mẹ́dàlì lọ pé ẹ máa dá a padà. Ní ọjọ́ yẹn kan náà kẹ́ ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sínú ìwé yín. Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe pìlákì, ẹ ní kó fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ kó tó gbẹ́ ẹ, kí ẹni tó ni orúkọ náà fúnra wọn wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni ì bá gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú kípà.

Ọjọ́ íntáháùsì ní táàmù kejì ló dáa jù láti ṣe é, torí àwọn ọmọ iléèwé máa wà níbẹ̀, àwọn lẹ sì ń ṣe é hàn. Ẹ fi sáàárín eré, kó tó di ìfàgbùrù, kó má jẹ́ ìgbẹ̀yìn tí oòrùn ti pa gbogbo èèyàn tí bọ́ọ̀sì ti ń fọn fèrè. Ẹ má jẹ́ kí alága sọ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹ wá onígángan tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ti béèrè oríkì orílẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí wọn ṣáájú, kí ìlù máa pe ọmọ Òpómúléró ní ọmọ Òpómúléró bó bá ti ń rìn bọ̀ wá gba ẹ̀bùn. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá rìn tó gbé ọ̀pá dání nígbà tí gángan pe oríkì ilé wọn, ó rìn dé orí victory stand láì fi kanlẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, kí àwọn tó bá lókun rìn yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú háùsì wọn, àwọn ọmọ Blue House máa pariwo títí ohùn wọn á fi há. Fún oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni káwọn àgbà jẹ, ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀ fáwọn ọmọdé.

Àwọn tó ti kú, ẹbí wọn lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́, ta ló máa gbà á, kẹ́ ẹ má fi ìjà ogún pàdé lórí pápá. Ẹ fi orúkọ wọn sáàárín ti àwọn tó wà láyé, ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀ sábẹ́ bíi pé ìsìnkú la wá ṣe.

Lẹ́yìn pátì ńkọ́? Bánà fúlẹ́ẹ̀sì ò lè rí ọdún méjì, òjò àti oòrùn Ìbàdàn á bọ́ ọ. Pátákó igi tàbí irin ni kẹ́ ẹ gbé kọ́ sí kọ́rídọ̀ ibi tí àwọn ọmọ máa ń gbà kọjá, kó má jẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fáwọn tó ń bọ̀. Ọ̀nà míì tó wù mí: nígbà tí Emmanuel Ifeajuna fò 6 ft 8 in níbi ìdíje Commonwealth ní Vancouver ní 1954 tó gba góòlù high jump, kó tó wá kàwé ní University College n'Íbàdàn níbí, ara ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n tẹ fọ́tò ẹ̀ sí. Àwọn iléèwé kan ṣì ń tẹ ìwé ìkọ̀wé tiwọn, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n fi fọ́tò eléré yín sẹ́yìn ẹ̀, kò wọ́n ju èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo fọ́tò àti ohùn tẹ́ ẹ gbà, ẹ kó o sí ibi méjì, kó má jẹ́ fóònù akọ̀wé nìkan, torí àwọn ọlọ́sà Ìwó Road ò mọ ìtàn iléèwé yín.

Ní ti kípà wa, a tún pìlákì náà ṣe, ọdún kejì la gbé e lọ bá wọn nílé, a sì béèrè ti àkọ́kọ́ ká lè gbà á padà. Wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ àwọn mọ́. Àbúrò wọn ti gbé e kọ́ sí pálọ̀ ẹ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti ń sọ fáwọn ọmọ ẹ̀ bí òun ṣe mú pẹnárítì nígbà yẹn.